Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tó bá wa tú àpótí màámi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fọ́tò àtijọ́ tómi bà jẹ́ nílé, ẹ má tíì dà á nù o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, inú kọ̀rọ̀ ló wà, ẹ lè kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kẹ́ ẹ má rí i. Wọn ò fún mi lówó ìpolówó o, èmi ni mo sanwó fún wọn.

Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ la ní kí màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi torí ilé Àpẹ́tẹ́ ti tóbi jù fún wọn. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n láwọn ò ní kó nǹkan kan tó pọ̀, àfi àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 lomi wọnú àpótí yẹn. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn ò lè gbàgbé, ọjọ́ Jímọ̀ ni, inú ààwẹ̀ la wà, ó ku ọjọ́ díẹ̀ ká túnu, bí òjò ṣe dé nìyẹn, Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, omi gbé afárá Àpẹ́tẹ́ lọ, ó lé lọ́gọ́rùn-ún èèyàn tó kú káàkiri ìlú. Bàbá ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì, màámi ń gbé àpótí, omi ti dé orúnkún. Ìgbà tá a máa fi ṣí i, fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra wọn bíi búlọ́ọ̀kù. Màámi pa á dé, ó parí. Èmi ni mo ń sunkún. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 ò ṣẹ́ fọ́tò ẹyọ kan kù fáwọn? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó mọ bí màámi ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge.

Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń yà á, mẹ́ta bàjẹ́ lójú wa, màámi ní ká dìde. Ìgbà tá a dé Mọ́kọ́lá, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù pọn omi tútù tó mọ́ sínú abọ́ńlá, ó fẹ́ ki búlọ́ọ̀kù yẹn bọ̀ ọ́. Mo pariwo, omi kẹ̀! Ṣebí omi ló bà á jẹ́? Ó ní nǹkan kan bíi jẹ́lì ló wà lára bébà fọ́tò, tó bá ti mumi á wú, á tú ara ẹ̀ sílẹ̀, kéèyàn má ṣáà fi èékánná fà á. Ó tó ìṣẹ́jú ogójì kí àkọ́kọ́ tó yọ̀ kúrò. Màámi tó jókòó sórí àpótí ìjókòó kan ṣoṣo tí wọ́n ní (ẹ̀yin tó kù á dúró o) ní, "Omi tó lẹ̀ wọ́n náà ló tún tú wọn. Alihamudulilahi." Ó ń tẹ́ wọn sórí bébà funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn sókè, kò sá wọn sóòrùn rárá.

Nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta, mẹ́tàdínláàádọ́ta ló jáde. Àwọn dúdú-àti-funfun ti bàbá ló dáa jù, tàwọn kọ́lọ̀ ni awọ wọn ń ṣí. Nínú fọ́tò níkáà, ojú bàbá mọ́ kedere, ti màámi ti di funfun báláú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Bàbá ẹ nìkan ló gbé ara ẹ̀ níyàwó."

Ẹjọ́ tí mo ní láti rò kò pọ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di mẹ́ta, wọn kì í gbé ìpè, fíláàṣì yín tí wọ́n máa kó fọ́tò sí lẹ máa gbé dání, ₦500 ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kan tí wọ́n bá sikáànù, méjì sì wọ́, mo ní láti padà lọ. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Òkè kejì ni fúláàtì mi wà. Orí wọ́dúróòbù ni màámi ní kí n gbé àpótí náà sí.