Ẹ̀ṣẹ́ tó mọ ibi tí yóò dúró: àgbéyẹ̀wò oṣù mẹ́sàn-án nílé ẹ̀kọ́ karate kan

Mo ti pinnu pé n kò ní kọ ohunkóhun nípa ilé ẹ̀kọ́ yìí títí n ó fi gba bẹ́líìtì tó tẹ̀ lé èyí tó wà ní ìbàdí mi, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí oorun kùn mí, mo sì rò pé ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti kọ́ karate ti àtijọ́, pàápàá ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní ohun tó ń sọ nípa orí títẹ̀ba, yẹ kó gbọ́ ọ kó tó sanwó. N kò ní dárúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń rìn, iye kata, ìyẹn ìgbésẹ̀ ìjà tó létò tí èèyàn ń dá ṣe, tí wọ́n ń kọ́, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń kọ́ irú karate tí wọ́n ń pè ní Shotokan, nítorí náà mo fò ó.

Ní ọjọ́ kìíní mi, ọ̀gá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Sensei kò sí nílé. Igbákejì rẹ̀ ni ó darí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè ju ẹni ọdún 28 lọ. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí kan ó ti tún ìdúró mi ṣe nígbà mẹ́fà, kò sì fọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan láìkọ́kọ́ gba àyè. Nígbà tí iṣẹ́ parí, a tò ní ìlà, a kúnlẹ̀, a fi ìdí lé gìgísẹ̀, a dijú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ka òfin márùn-ún. Ẹni tó bá ti ṣe karate rí mọ̀ pé “hitotsu”, ìyẹn “ọ̀kan”, ni òfin kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé èkejì rẹlẹ̀ sí èkíní. Òun ni ó ń lé e, àwa ń gbè é. Ìkẹrin ni ó ní kí á máa bọ̀wọ̀ fún ọmọlàkejì. Ìkarùn-ún ni ó ní kí á yẹra fún ìwà ipá. Ohùn rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ lórí ìkarùn-ún yìí tó fi pàṣẹ pé “shomen ni rei”, ìyẹn “ẹ tẹríba síwájú”, tí gbogbo wọn sì tẹríba síhà ògiri tí àwòrán Funakoshi Gichin, ẹni tó dá Shotokan sílẹ̀, wà, ọwọ́ níwájú orúnkún, tí iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó ilẹ̀.

Èmi kò tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó ṣinṣin, mo gbé ọwọ́ lé itan, mo sì wolẹ̀. Mùsùlùmí ni mí. Iwájú orí mi kì í lọ sílẹ̀ báyẹn àfi tí mo bá ń kírun, Ẹni tí mo ń kírun fún kò sì sí nínú férémù. Mo mọ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń tẹ orí yẹn tí ọkàn wọn sì balẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ibi tí tèmi gbé e dé nìyẹn.

“Ìwọ tó wà nípẹ̀kun ìlà! Ṣé ọrùn rẹ kò ṣeé tẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ ìgbéraga ló gbé ọ wá síbí, o mọ ọ̀nà ilẹ̀kùn.”

Ènìyàn 19 ni ó gbórí sókè láti wò mí. Mo kà wọ́n. Ẹni ọdún 44 ni mí, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù, ó kéré tán, ló ń pè mí ní “ìwọ” lójú àwùjọ, lẹ́yìn tó ti ẹnu ara rẹ̀ ka òfin ọ̀wọ̀ tán. Mo dìde, mo kó bàtà mi, mo sì bọ́ síta pẹ̀lú aṣọ funfun tuntun náà lọ́rùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé fèsì lọ́jọ́ kejì pé, “A ti rí i.” Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ó ní, “Sensei ti gbọ́.” Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohùn, kò sí ìró, títí di ọjọ́ kọkànlá tí ó pè pé kí n wá ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí kan ṣáájú kíláàsì. Mo bi í léèrè ìdí tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn, tó béèrè bóyá egungun mi ti ṣẹ́ rí àti ẹni tí wọn yóò pè bí mo bá ṣubú, kò fi sọ fún èèyàn pé orí títẹ̀ba wà nínú ẹ̀kọ́ náà, kí oníkálukú lè ti sọ tirẹ̀ kó tó wọlé. Ó ní kò sí ẹni tó béèrè irú rẹ̀ rí. Kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba gbogbo ènìyàn ní láti mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ni yóò wá.

Owó tí mo ti san ni mo fẹ́ gbà padà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. Sensei ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ó ń fi aṣọ nu pákó ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán. Kò gbèjà igbákejì rẹ̀, kò sì bú u lójú mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bó ṣe rí lọ́kàn yín.” Mo sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì sọ fún mi pé Itosu Anko, tó wà lára àwọn olùkọ́ Funakoshi, kọ lẹ́tà kan ní erékùṣù Okinawa lọ́dún 1908 nípa bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọmọ ilé ìwé ní karate, àti pé ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé karate kò ti inú ẹ̀sìn Búdà tàbí ẹ̀kọ́ Confucius jáde. Ó ní òótọ́ ni pé àwọn gbọ̀ngán kan wà ní Japan tí ojúbọ kékeré ti Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, wà lára ògiri wọn, ṣùgbọ́n àwòrán olùkọ́ tó ti kú lásán ni ti àwọn, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Okinawa lọ́dún 1868, tó gbé karate lọ sí Tokyo lọ́dún 1922. Mo rò pé ibi tó ń lọ ni pé kí n tẹríba nígbà náà. Kò lọ síbẹ̀.

Ó ní, “Mo lè sọ ohun tí orí títẹ̀ba jẹ́ fún mi. N kò lè sọ ohun tí ara tiyín ń wí nígbà tó bá tẹ̀. Àárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín nìyẹn. Bí a bá ń kí ògiri, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó dìde dúró, ẹ ó sì tẹríba díẹ̀ fún ẹni tí ẹ fẹ́ kọjú ẹ̀ṣẹ́ sí, ojú yín ní ojú rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni ó yá yín láti fi kọ́ṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a padà bó ṣe wà.”

N kò rí ohun tí mo lè fi ta kò ó. Kíkí ènìyàn alààyè kì í ṣe ìforíkanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n dúró, kí n má ṣe pajú dé. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì wá. N kò rí ẹ̀ṣẹ́ náà nígbà tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni atẹ́gùn lára irun ìpéǹpéjú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ tí apá aṣọ rẹ̀ dún pàì, ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú mi tó rí oríkèé ìka méjì tí awọ wọn ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀, níwájú imú mi, tó jẹ́ pé bóyá ni bébà lè gba àárín kọjá. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ó fi í síbẹ̀ bí ẹni gbé ife sórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ̀ṣẹ́ tó lọ́ra kò nílò ìjánu. Èyí tó lè fọ́ nǹkan ni à ń fi í sí lẹ́nu.” N kò béèrè owó mi mọ́.

Oṣù mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e dára ju bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ lọ. Ohun tí mo rò pé agbára jẹ́ kọ́ ni agbára. Mo ti rò pé èjìká ni ó wà. Ilẹ̀ ni ó ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á tì í, ìbàdí á yí i, ọwọ́ kejì tó ń padà sí ìhà á ràn án lọ́wọ́, apá tó ń lọ á sì rọ̀ bí okùn títí ó fi kù díẹ̀ kó débẹ̀, ìgbà náà ni gbogbo iṣan ara yóò dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn yóò sì tún tú. Wọ́n ń pe ìdìpọ̀ yìí ní kime. Ẹni tó bá ti le gbagidi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ yóò lọ́ra, kò sì ní lè dá a dúró, nítorí kò sí ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣan rẹ̀ tí yóò fi fa ìjánu. Nínú ìlà wa, obìnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ mi tó máa ń gbàdúrà sí Jésù nígbà tí a bá dijú; ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ kò gba ọlọ́run kankan gbọ́, èémí rẹ̀ ló ń kà. Ìgbà tí a bá ń kí ògiri, èmi a jókòó jẹ́ẹ́, kò sì sí ẹni tó tún gbórí sókè wò mí.

Ọ́fíìsì kò yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún mi ní aṣọ tí apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù sí ìdánwò bẹ́líìtì kí wọ́n tó kéde rẹ̀, ìgbà náà ni mo sì tó mọ̀ pé owó rẹ̀ kò sí nínú èyí tí mo ń san lóṣooṣù. Ní ti igbákejì ọ̀gá, ó ń kọ́ mi láìkù síbì kan, ó ń tún mi ṣe, “ọwọ́ rẹ”, “ẹsẹ̀ rẹ”, “ìwọ, padà sẹ́yìn”, kò sì sọ gbólóhùn kan nípa ọjọ́ kìíní yẹn. Mo rò pé mo ti gbàgbé.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti òun ni wọ́n so pọ̀ fún gohon kumite. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni, ojú ni mo ń kọ ẹ̀ṣẹ́ sí, òun ń sún sẹ́yìn, ó ń dí i, ẹ̀yìn ìkarùn-ún ni yóò tó dá a padà. Ní ìkẹta ó ní, “Ẹ̀ṣẹ́ rẹ ti lọ sókè jù, ṣé o kò gbọ́ ni?” Nǹkan kan ru sókè nínú mi tí n kò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan kọsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yíjú sí i, ẹni tó ń kà kò sì tíì ka ìkarùn-ún tí mo fi lọ. Ẹ̀ṣẹ́ mi bà á lẹ́nu. Mo mọ eyín rẹ̀ lára lábẹ́ oríkèé ìka mi, láti ẹ̀yìn ètè.

Kí n tó mí, ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀ ti dé ìhà mi. Mo ti rí ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe sí pákó tí a fi okùn wé. Ó dé ara aṣọ, ó dúró. Ẹ̀jẹ̀ kán láti ètè rẹ̀ sí àyà aṣọ funfun, ìkán mẹ́ta, ìkẹta fẹ̀ ju méjì àkọ́kọ́ lọ, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n.

Sensei kò pariwo. Ó ní kí n lọ jókòó títí kíláàsì yóò fi parí. Ibi tó nawọ́ sí, abẹ́ àwòrán Funakoshi gan-an ni. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rántí ìdíje Olympic ti Tokyo, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Tareg Hamedi ti Saudi Arabia ti fi àmì 4 sí 1 ṣíwájú Sajad Ganjzadeh ti Iran nínú ìdíje àṣekágbá, tó wá ta á nípàá sókè, tí ará Iran náà sì dákú. Wọ́n ní Hamedi kò kápá ìpàá rẹ̀, wọ́n sì gba ìdíje náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dákú ni ó gba góòlù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ènìyàn jiyàn pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Kíláàsì kò tíì parí tí mo fi pa àríyànjiyàn náà tì.

Mo lọ bá igbákejì ọ̀gá níbi tó ti ń fi omi dídì tẹ ẹnu rẹ̀. Mo dúró, mo tẹríba díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ìgbọ̀nwọ́ yín ń kúrò lára ìhà kó tó yẹ. Ẹ máa dúró de kíkà.” Oṣù mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí “yín” tẹnu rẹ̀ jáde sí mi. Ó lè jẹ́ pé ètè tó wú ni kò jẹ́ kó pe èyí tó wù ú.

Kò tíì sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ kìíní. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn ṣì wà bó ṣe wà, mo wò ó ní àná. Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san owó oṣù mẹ́ta mìíràn sílẹ̀, mo sì ti forúkọ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọdé. Igbákejì ọ̀gá ni ó ń kọ́ wọn.