Àpáta POP fún rélùwéè kékeré: ohun tí mo rí nínú Hydrocal, mọ́ọ̀dì rọ́bà àti ọ̀dà olómi Woodland Scenics

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ àpáta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè kékeré yín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó jọ àpáta lójú ẹni tó bá súnmọ́ ọn, owó tẹ́ ẹ bá ná sórí mọ́ọ̀dì rọ́bà tó dáa, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa da POP sí kó lè jáde bí àpáta, àti ọ̀dà olómi ò ní ṣòfò rárá. Ti Woodland Scenics ni mò ń lò, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1975, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lò ó. Mo ti fi wé POP lásán tí wọ́n ń tà níbi tí àwọn bíríkìlà ti ń rajà níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti fi wé mọ́ọ̀dì olówó pọ́ọ́kú tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa sọ.

Ohun tí mò ń kọ́ ni apá kan ojú irin àtijọ́ tó gba Abẹ́òkúta kọjá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò ó pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rí ojú irin tó máa bá a mu, ó rọrùn: fífẹ̀ ojú irin yẹn jẹ́ mílímítà 1067, tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà 64 (ohun tí wọ́n ń kọ ní 1:64 nìyẹn) ẹ máa rí bíi mílímítà 16.7, ojú irin rélùwéè kékeré tí wọ́n ń pè ní OO, tó kún inú ṣọ́ọ̀bù níbí, sì jẹ́ 16.5, ìyẹn náà ló fà á tí àwọn tó ń kọ́ rélùwéè South Africa àti New Zealand fi ń lo 1:64 lórí ojú irin OO torí 1067 ni tiwọn náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, 1435 nìyẹn, 1:87 ló máa bá 16.5 mu rẹ́gí. Nínú 1:64 tí mò ń lò, àpáta tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 lórí tábìlì dúró fún nǹkan bíi mítà 19 níta gbangba, torí náà òun ni ojú èèyàn kọ́kọ́ ń lọ bá kó tó wo ẹ́ńjìnnì rárá. Tí àpáta ò bá dáa, kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa gba ibẹ̀ là.

Ká tó dé orí mọ́ọ̀dì, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa POP fúnra ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń ṣe síléènì, òun ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ẹni tó bá kán nílé ìwòsàn. Òkúta gypsum ni wọ́n máa ń gbé sóoru, tó bá ti dé bíi 150 dìgírì, èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó wà nínú ẹ̀ á jáde, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá da omi sí i padà ló máa tún padà di òkúta. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ju fóòmù lọ nìyẹn, òkúta gan-an lẹ fi ń ṣe òkúta, bó ṣe ń ṣẹ́ àti bó ṣe ń mu omi, kò sí fóòmù tó lè ṣe é. Hydrocal wà lára ìran POP yìí ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ, ẹnu ibi tó tinrin ò tètè ń ṣẹ́, èyí tí Woodland Scenics ń tà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti mú kó fúyẹ́. Fún ẹni tó máa ń gbé rélùwéè ẹ̀ lọ sí ìpàtẹ, tó ń gbé e wọnú mọ́tò tó ń gbé e jáde, ìfúyẹ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Owó ẹ̀ ju ti POP lásán lọ dáadáa o, mi ò ní purọ́ fún yín, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń lo Hydrocal fún ohun tó bá máa jáde látinú mọ́ọ̀dì nìkan, tí mo sì ń lo POP lásán fún lílẹ òkè àti dídí àwọn ibi tí ojú ò ní dé. POP lásán náà dáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ.

Bí mo ṣe ń pò ó rèé. Omi tútù tó mọ́ ló ń kọ́kọ́ wọ abọ́, ìyẹ̀fun ló ń tẹ̀ lé e, ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ kó máa rì fúnra ẹ̀, ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun lórí torí kókó ló máa fi dá yín lóhùn. Páálí ẹ̀ ti kọ òdiwọ̀n sára, ẹ tẹ̀ lé e, tó bá ti rí bí ògì tó ki díẹ̀ ó ti tó. Ẹ má rò ó kíkan-kíkan, atẹ́gùn á wọ̀ ọ́, atẹ́gùn yẹn ló ń di ihò róbótó-róbótó lójú àpáta, kò sì sí àpáta kankan láyé tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Abọ́ gbọ́dọ̀ mọ́. Tí POP àná bá ṣì lẹ̀ mọ́ abọ́, ti òní á tètè dì mọ́ yín lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó dà á, ẹ fi omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí fọ́n inú mọ́ọ̀dì, ọṣẹ yẹn ló ń jẹ́ kó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tó sì ń jẹ́ kó tètè bọ́. Ẹ wá fọwọ́ gbá ìdí mọ́ọ̀dì pẹ́pẹ́pẹ́ kí atẹ́gùn jáde.

Mọ́ọ̀dì Woodland Scenics, rọ́bà tó rọ̀ ni, ó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò sì ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ìlà tó wà nínú ẹ̀ mú, ìsán àpáta máa ń hàn kedere, kódà ibi tó tẹ́ ní àwọn hóróhóró kéékèèké tí búrọ́ọ̀ṣì máa rí mú. Oríṣiríṣi ló wà, àpáta onípele-ìpele wà, àpáta tó ta gbangba jáde lára òkè wà, òkúta ràbàtà-ràbàtà wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Boulders ni mò ń lò jù torí àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ní igun púpọ̀, ó máa ń yí róbótó ni. Ẹ ra èyí tó bá jọ àpáta ibi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́, ẹ má ra èyí tí àwòrán ẹ̀ kàn dáa lójú. Ẹni tó ń kọ́ òkè síléètì Wales ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Boulders, onípele-ìpele ni tiẹ̀.

Ti olówó pọ́ọ́kú yẹn wá ńkọ́? Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á. Sílíkóónì ni wọ́n pè é, ó ń rùn, òórùn ẹ̀ ò lọ títí tí mo fi gbé e sọnù. Ojú ẹ̀ ti kú, ó hàn pé ẹnì kan ló ti ara àpáta tí ẹlòmíì ṣe ya á, gbogbo ìlà ẹ̀ ò mú mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń dán nínú débi pé àpáta tó ń jáde látinú ẹ̀ ń dán yinrin, àpáta tó bá sì ń dán kì í gba ọ̀dà omi dáadáa. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya létí. Owó tẹ́ ẹ bá fi ra méjì nínú ẹ̀, ẹ kúkú fi ra ẹyọ kan tó dáa.

Ohun kan wà tí ìwé inú páálí ò tẹnu mọ́ tó, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ní láti dúró kó gbẹ tán kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Tó bá ti ń dì, tẹ́ ẹ bá tẹ mọ́ọ̀dì díẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé ojú ẹ̀ ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ gbé mọ́ọ̀dì náà lódindi, ẹ fi omi rin òkè tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ dì í mú. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé ó ń móoru. Ìgbà yẹn ló ń le. Tó bá ti le, ẹ bó rọ́bà kúrò, ẹ máa rí i pé àpáta náà ti tẹ̀ lé bí òkè ṣe tẹ̀, kò dà bí ohun tí wọ́n gbé lẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo mọ́ọ̀dì kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ibì kan, ẹ yí orí ẹ̀ padà sódì, kẹ́ ẹ fọ́ etí ẹ̀ díẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Àárín àpáta méjì, Hydrocal kan náà ni kẹ́ ẹ fi dí i, ẹ má fi gúlúù dí i, torí ibi tí gúlúù bá kàn ò ní mu ọ̀dà, ó máa fúnfun sójú yín títí ayé.

Ọ̀dà gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo ti rí àpáta tí wọ́n kàn da POP sínú fọ́ìlì tí wọ́n rún wúruwùru, tó jẹ́ pé ọ̀dà ẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ nawọ́ kàn án, mo sì ti rí èyí tó ti inú mọ́ọ̀dì olówó ńlá jáde tí wọ́n fi ọ̀dà tó ki bà jẹ́ pátápátá. Ẹ má kun práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kùn. POP ń mu omi, ẹ jẹ́ kó mu ún. Kíìtì Earth Colors, àkójọ ọ̀dà olómi Woodland Scenics, ní àwọ̀ mẹ́jọ, funfun, concrete (àwọ̀ kọnkéré), stone gray (àwọ̀ eérú), slate gray (àwọ̀ síléètì), dúdú, raw umber (búráùn), burnt umber (búráùn tó pọ́n) àti yellow ochre (yẹ́lò bí amọ̀), wọ́n ki gan-an nínú ìgò, omi lẹ máa fi là wọ́n. Ìdá kan ọ̀dà sí ìdá mẹ́rìndínlógún omi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, dúdú sì ni mò ń là jù lọ torí òun ló tètè ń gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń lò ni ti àmọ̀tẹ́kùn: ẹ fi kànìnkànìn to yellow ochre tó-tò-tó káàkiri bí ìdá mẹ́ta àpáta, ẹ to burnt umber sí ìdá mẹ́ta mìíì, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ ní funfun, kẹ́ ẹ wá da dúdú tó ṣàn dáadáa lé gbogbo ẹ̀ látòkè, dúdú yẹn á wọ gbogbo ìsán, á sì mú àwọn àwọ̀ náà wọnú ara wọn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àpáta ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló máa fún yín, búráùn búráùn, tó gbẹ. Kì í ṣe Olúmọ nìyẹn.

Àpáta Abẹ́òkúta, gíránáìtì ni, àwọ̀ eérú ló ní, tó ń pọ́n díẹ̀ níbi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ohun tó sì máa ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ ọ́n lókèèrè ni àwọn ìlà dúdú gbọọrọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ látorí ẹ̀. Ibi tí òjò ń gbà ṣàn nìyẹn, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tó fẹ́ràn ọ̀rinrin ló ń gbé ojú ọ̀nà omi yẹn tí wọ́n ń sọ ọ́ di dúdú. Nítorí náà stone gray ni mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀, mo ń fi burnt umber díẹ̀ kàn án níbí níbẹ̀, yellow ochre ò pọ̀ rárá. Tó bá gbẹ, mo máa ń fọ́n omi sí i látòkè dé ilẹ̀, mo á wá fi orí búrọ́ọ̀ṣì tó ní dúdú kan góńgó àpáta, mo á sì mú ọwọ́ kúrò. Omi fúnra ẹ̀ ló máa wá ọ̀nà. Ó máa ṣàn wálẹ̀, tó bá kan ibi tó yọ gọngọ á pín sí méjì, ọ̀kan á dúró lórí ibi tó tẹ́ á sì ṣú síbẹ̀, èkejì á bá ìsán lọ. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè ya irú ìlà yẹn, mo sì máa ń dúró wò ó gan-an torí inú mi máa ń dùn sí i. Tó bá dúdú jù, ẹ fọ́n omi sí i kẹ́ ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ìdí àpáta ńkọ́? Ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀, òjò máa ń ta ilẹ̀ yẹn sára ẹ̀, torí náà mo ń fi burnt umber àti yellow ochre tí mo pò pọ̀ kan ìsàlẹ̀, kó má ga jù. Lẹ́yìn náà ni funfun, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tẹ́ ẹ ti nù dáadáa, kó kàn gba orí àwọn etí kọjá.

Ẹ má tíì dájọ́ àwọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Tó bá tutù ó máa ń ṣú, tó bá gbẹ tán ó máa ń mọ́lẹ̀ sí i dáadáa, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ó tó. Abẹ́ iná tí rélùwéè yín máa wà sì ni kẹ́ ẹ ti kun ún, torí stone gray lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n àti lábẹ́ iná funfun, bí ọ̀dà méjì ló ṣe rí.

Mo fẹ́ sọ èyí tagbára-tagbára fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé: ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki ọwọ́ bọ abọ́ POP. Ooru tó ń mú wá bó bá ń dì lè kọjá 60 dìgírì tó bá pọ̀ lójú kan. Ní 2007, ọmọ ilé-ìwé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ki ọwọ́ bọ ọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ ọnà, ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ìka ẹ̀ ló sì bá a lọ. Ẹ wọ máàsìkì tẹ́ ẹ bá ń da ìyẹ̀fun, ẹ má sì da èyí tó kù sínú síńkì, páìpù yín á di òkúta. Ẹ jẹ́ kó dì nínú abọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ tẹ abọ́ kó ṣẹ́, kẹ́ ẹ kó o sínú ìdọ̀tí. Àwọn tó ṣẹ́ kéékèèké, èmi ń tọ́jú wọn, òkúta tó já bọ́ sísàlẹ̀ àpáta nìyẹn, ọ̀fẹ́.

Nínú márùn-ún, mọ́ọ̀dì gba márùn-ún, Hydrocal gba mẹ́rin torí owó, ọ̀dà náà gba mẹ́rin, torí pé ìgò ẹ̀ kéré ni o, àmọ́ bí ẹ ṣe ń là á tó ó máa ń pẹ́ gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé ṣé dandan ni kẹ́ ẹ rà á láti òkèèrè: mọ́ọ̀dì lẹ lè rà, POP ò di dandan, èyí tí àwọn onísíléènì ń lò á ṣe é, ó kàn wúwo ni, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ẹnu tó tinrin. Kódà ẹ lè ṣe mọ́ọ̀dì fúnra yín. Ẹ wá rọ́bà olómi tí wọ́n ń pè ní látẹ́ẹ̀sì, ẹ wá òkúta gíránáìtì tó ní ìsán tó dáa, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun látẹ́ẹ̀sì náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ, ẹ tún kun òmíì lé e, ẹ fi báńdéèjì onítẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kó lè lágbára, ẹ tún kun ún. Tó bá ti nípọn tó sì gbẹ dénú, ẹ bó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abẹ́òkúta, òkúta tẹ́ ẹ nílò ò jìnnà sí yín, ẹ sì bá mi ṣe ẹyọ kan mọ́ ọn, mo máa san owó ẹ̀.