ImageMagick: fótò ìnáwó tó kún fódà, kómáǹdì kan ló máa fi bọ́dà sí gbogbo ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fótò, tàbí tẹ́ ẹ ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá gbọ́ ti ImageMagick, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń tún fótò ṣe. Fótò ìgbéyàwó lèmi máa ń yà jù, àwọn oníyàwó òde òní sì fẹ́ràn kí funfun yí fótò ká, ìyẹn bọ́dà, kí wọ́n tó gbé e sórí Instagram. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, áàpù orí fóònù á ṣe é kíá, àmọ́ tí fótò bá ti kún fódà bámúbámú, ta ló fẹ́ jókòó máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan?

Kò sí bọ́tìnì kankan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ o, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sínú terminal ni, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ kómáǹdì fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti pẹ́ gan-an, John Cristy ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní DuPont ní 1987, ó wá jáde síta ní 1990. Ẹni tí ò ní láptọ́ọ̀pù náà lè lò ó nínú Termux, áàpù terminal orí fóònù Android, ẹ kọ pkg install imagemagick síbẹ̀, ó parí.

Èyí tí mò ń lò jù nìyí:

magick iyawo.jpg -bordercolor white -border 40 iyawo2.jpg

Píksẹ́lì 40 ló máa fi kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fótò 1000x800 á wá di 1080x880. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó nípọn lókè àti nísàlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ kọ 40x80. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí, -bordercolor ló gbọ́dọ̀ ṣáájú -border, tó bá kẹ́yìn, àwọ̀ eérú ló máa yọ sí yín torí òun ni wọ́n fi síbẹ̀ látilẹ̀. Fótò tí wọ́n fi fóònù yà lóòró náà ní tiẹ̀, ẹ fi -auto-orient tó ń yí fótò síbi tó yẹ ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́dà tó yẹ kó nípọn lókè lè lọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá sì jẹ́ lógò PNG tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní àwọ̀, ẹ kọ -compose Copy kẹ́ ẹ tó kọ -border, torí láìsí i, ó máa da funfun sí gbogbo ẹ̀yìn lógò yẹn ni.

Fún gbogbo fódà lẹ́ẹ̀kan, mogrify lẹ máa lò:

magick mogrify -path tuntun -auto-orient -bordercolor white -border 40 *.jpg

Ẹ má yọ -path yẹn kúrò láéláé! Láìsí i, orí fótò gangan ló máa kọ ọ́ lé, ojúlówó ti lọ nìyẹn, kò sì ní bi yín kó tó ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ̀dá fódà tó ń jẹ́ tuntun yẹn o, kò ní bá yín ṣẹ̀dá ẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fótò dọ́gba ní 1080x1080 láìgé orí ẹnikẹ́ni, -resize 1000x1000 -background white -gravity center -extent 1080x1080 ló gbà, èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù, gèlè ò ní kúrú, agbádá ò ní sọnù.

-frame náà wà, àmọ́ kò wù mí, òjìji tó ń fi sára férémù yẹn ti di ti ayé àtijọ́.

Kómáǹdì àtijọ́ ni convert, ti ẹ̀dà 6, magick ni ti ẹ̀dà 7. Lórí Windows, ẹ má tiẹ̀ kọ convert rárá, torí Windows ní convert tiẹ̀ tó ń sọ dísíìkì FAT di NTFS (ọ̀nà méjì tí dísíìkì ń gbà to fáìlì), ọ̀rọ̀ fótò kọ́ nìyẹn.

Tí oníbàárà bá wá ní òun ò fẹ́ bọ́dà mọ́, -shave 40x40 á gé e kúrò, ṣùgbọ́n JPEG ń pàdánù díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá tún un fi pamọ́, nítorí náà ẹ padà lọ mú ojúlówó.