Kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ tíṣà bí ọmọ kíláàsì á ṣe fọkàn tán an: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti ń bi mí nípa kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ṣe, èyí tó dá lórí bí àárín tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè gún, pé ṣé ó dáa ni àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó dáa, ẹ ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa bákan náà o, ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn lọ ṣe nǹkan pẹ̀lú ọmọ gan-an ló lérè, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ńláńlá nípa ìfẹ́ àti sùúrù, ẹ lè yára kọjá níbẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní 2x10, Raymond Wlodkowski, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo, èyí tó ń fún yín ní wàhálà jù, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 2 lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 tó tẹ̀ léra, lórí ohun tó wu òun fúnra ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kì í ṣe ìwà, kì í ṣe máàkì. Ọmọ tí mo mú máa ń gbórí lé tábìlì ni, kì í wo èèyàn lójú. Níbẹ̀rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló ń fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé kéèyàn má da ìbéèrè bo ọmọ, kó kàn sọ ohun tó bá rí. Mo wá rí ẹyẹ kan tó yà sẹ́yìn ìwé ìṣirò ẹ̀, mo ní, "Ìyẹ́ ẹyẹ yìí mà dáa o, báwo lo ṣe mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ sí?" Háà, ọmọ yìí gbórí sókè, ó ṣàlàyé títí agogo fi lù! Ìṣirò ẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ dáa, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ ó ti ń nawọ́ báyìí láti sọ pé "kò yé mi", ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, torí ọmọ tí ò fọkàn tán tíṣà ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó ń kọ́ òun ò yé òun, ó máa dákẹ́ ni, tíṣà á sì máa lọ.

Wọ́n tún kó ìwádìí sí i, wọ́n sì ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké. Mary Budd Rowe, olùwádìí ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ló wo àwọn tíṣà, ó rí i pé bí wọ́n bá béèrè nǹkan, ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni wọ́n sábà máa ń dúró kí wọ́n tó pe ẹlòmíì tàbí kí wọ́n dáhùn fúnra wọn, bí wọ́n bá sì dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á máa sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀sì náà ní kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ ní kíláàsì kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ. Ẹ má fo ìyẹn o.

Òmíì ni ti David Yeager àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó jáde lọ́dún 2014. Tíṣà máàkì àròkọ, wọ́n wá lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn pé mo kọ gbogbo èyí torí ohun tí mò ń retí lọ́wọ́ ẹ ga, mo sì mọ̀ pé o lè dé ibẹ̀. Nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ìwé tiwọn ò ní ọ̀rọ̀ yẹn, nǹkan bí 17 nínú 100 ló tún àròkọ wọn kọ, nínú àwọn tó rí i gbà, ó lé ní 70 nínú 100. Gbólóhùn kan péré o! Àmọ́ tíṣà gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí àròkọ náà dáadáa kó tó lẹ̀ ẹ́, ọmọ mọ ìgbà téèyàn ń tan òun.

Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ti sítíkà àti póìǹtì tí tíṣà máa ń fún ọmọ bí ẹ̀bùn. Wọ́n fi fídíò tó pọ̀ ṣòfò lórí ẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń ra ìfọkàntán lọ́jà. Èyí tó sì yẹ kó gùn, ìyẹn ohun tó yẹ kí tíṣà ṣe lẹ́yìn tó bá ti jágbe mọ́ ọmọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n kàn ní "ẹ tọrọ àforíjì" wọ́n sì kọjá lọ. Lójú tèmi, níwájú àwọn tó gbọ́ èébú náà ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ àforíjì, kó kúrú, kó má sì ní "ṣùgbọ́n" nínú. Wọ́n tún ṣe bí ẹni pé ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú gbogbo kíláàsì ayé. Ẹni tí tiẹ̀ pọ̀, kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbóríyìn fún wọn lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé tíṣà ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún ọmọ pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan ń ṣe òun léṣe, dandan ni kó dé etí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìyẹn fún ọmọ náà ṣáájú kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ táàmù o, torí iṣẹ́ 2x10 yẹn fẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ léra, bí ọlidé bá gé e láàrin, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni.