Ata ọ̀ṣọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́: èyí tó ti so lórí ni kí ẹ rà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo náwó lórí ata ọ̀ṣọ́, ìyẹn ata tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà bí òdòdó. Owó àkọ́kọ́ wọgbó. Èkejì tọ́ sí i, mo sì tún máa ná irú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ parí ti owó tó wọgbó. Irúgbìn ni mo rà lórí WhatsApp, wọ́n fi mọ́tò gbé e wá fún mi dé Tákíé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwòrán Black Pearl ló wà lára páálí: ata tí ewé ẹ̀ dúdú kirikiri, tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà mú jáde, tó gba All-America Selections, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún irúgbìn tuntun tó dára, lọ́dún 2006. Irúgbìn náà hù, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ata fẹ́ràn ilẹ̀ tó gbóná tó 25 sí 30 °C, ìyẹn kò sì wọ́n wa níbí. Àmọ́ ewé tútù ló yọ, èso ẹ̀ gùn, ó rọ̀ wálẹ̀. Ṣọ̀mbọ̀ ni! Ṣọ̀mbọ̀ tó kún Ọjà Wásó ni mo fi owó òdòdó rà. Ẹni tó tà á ní oyin ló da ìran ata náà pọ̀. Lóòótọ́, oyin lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá gbin ata ọ̀ṣọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé irú ìyẹn ló yẹ kéèyàn dì sí páálí? Ẹni yìí kan náà ló ń polówó ata búlúù. Kọ̀ǹpútà ló kun ìyẹn.

Èkejì, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìlọrin ni mo ti rà á, lọ́wọ́ àwọn olódòdó. Inú ọ̀rá dúdú ló wà, kò ga dé orúnkún, ó sì ti so. Wọ́n pè é ní ₦3,500, a nájà á dé ₦2,500. Èyí gan-an ni mo fẹ́. Èso ẹ̀ kéékèèké, gbogbo wọn nàró, wọ́n kọjú sókè. Ọ̀kan á yọ ní elésè àlùkò, á wá di àwọ̀ ìyeyè, á di àwọ̀ ọsàn, kó tó wá pọ́n fòò. Nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n yọ kò dọ́gba, ẹ máa bá gbogbo àwọ̀ yẹn lórí igi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò mi kan ní àbí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra ni.

Ìyá tó tà á ní kí n gbé e sí pálọ̀. Ẹ má gbọ́. Ní pálọ̀, òdòdó ẹ̀ ń já kó tó so, ẹ̀ka ẹ̀ sì ń nà tẹ̀ẹ̀rẹ̀ wá ojú fèrèsé. Oòrùn ló fẹ́, bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìlà oòrùn, nínú ike pẹ́ńtì tí mo lu nídìí, mo po yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀. Àárọ̀ ni mo ń bomi rin ín. Bó bá dìgbà ọyẹ́, kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan á ta òwú sábẹ́ ewé, ewé á sì máa ṣì. Mo ń fi omi ọṣẹ fọ abẹ́ ewé, mo sì ń wọ́n omi tí mo rẹ ewé dóńgóyárò sí mọ́jú lé e.

Ọ̀tá tí n ò rò tẹ́lẹ̀ ni adìẹ. Ìyá onílé ló sáré pè mí:

“Bàbá Táyọ̀, adìẹ mi ti jẹ ata yín o! Ṣé kò ní kú?”

“Ẹ má fòyà, Màmá. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó ń ta àwa èèyàn, ẹyẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń fọ́n irúgbìn ẹ̀ kiri. Màmá dákẹ́, wọ́n wo èso tó kù lórí igi, wọ́n ní, “Àbí ẹ̀yin náà ò jẹ ẹ́ ni?”

Mo jẹ ẹ́. Ó ta, ó ta jù! Ṣùgbọ́n awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, kò lára tí yóò mú ọbẹ̀ ki, àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń jẹ òkà ká tó mùkọ yangan ò sì ní gba irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tàtàṣé àti rodo ṣì ni ti ọbẹ̀. Ẹ má sì jẹ èyí tó ti so kí ẹ tó gbé e délé, torí àwọn olódòdó lè ti fín in lóògùn tí kì í ṣe ti oúnjẹ. Ẹ dúró de èyí tó bá so lọ́dọ̀ yín. Bí ọmọdé bá wà nílé, orí ibi gíga ni kó wà, torí àwọ̀ yẹn ń pè wọ́n, ojú ni wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ ata nù.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olódòdó, ẹ yí ewé ẹ̀ wò lábẹ́ kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà. Èyí tí ewé ẹ̀ ti ń ká kò tí kòkòrò sì ti wà lábẹ́ ẹ̀, bí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.