Eyín oníke tí mo rà lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní báyọ́lọ́jì nílùú Ọ̀yọ́, ojú pátákó ni mo sì máa ń ya eyín sí fún wọn. N kò mọ àwòrán yà. Erìgì tí mo yà lọ́dún tó kọjá, ààrò lọmọ kan pè é. Mo bá fowó ara mi lọ ra eyín oníke ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé-ìwé kan lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. ₦22,000 ni Màmá tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Mo ní ₦12,000. "Tíṣà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ lẹ̀ ń ná yìí." ₦17,500 la padà fẹnu kò sí.

Erìgì ìsàlẹ̀ kan ni, ó ga tó ìgò mínírà, mágnẹ́ẹ̀tì ló so apá ẹ̀ méjèèjì pọ̀. Gbòǹgbò méjì ló ní, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti òkè ló máa ń ní mẹ́ta. Tí ẹ bá là á, ẹ̀ẹ́ rí enamel, ìyẹn èèpo líle òde, lórí, dentine lábẹ́ ẹ̀, àti pulp, ìyẹn ẹran rírọ̀ inú eyín, láàárín gbùngbùn. Pulp yìí ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n lu ihò tín-ín-rín sí ṣóńṣó gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ mi fi òwú pupa gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé ẹ̀ nínú ìdánwò.

Apá kejì ní ihò dúdú mẹ́ta: ọ̀kan ò kọjá enamel, ọ̀kan wọ dentine, ẹ̀kẹta já sí pulp. Ọmọkùnrin kan gbé e sójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Sà, kòkòrò náà dà?" Mi ò bá a wí. Ta ni kò gbọ́ ọ nílé pé kòkòrò ló ń jẹ eyín? Mo ní àwọn tí ojú ò lè rí ni, wọ́n ń jẹ ṣúgà tó kù sára eyín, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń yọ́ enamel. Enamel ò ní iṣan kankan, kò lè dunni. Ìgbà tó bá kan dentine, tó ní àwọn ihò bíńtín tó lọ dé pulp, lomi fìríìjì á tó ta ọ́ jí.

Àwọ̀ ẹ̀ ló bí mi nínú. Gbogbo ẹ̀ funfun bí ẹfun. Dentine ò rí bẹ́ẹ̀. Ó pọ́n díẹ̀ bí ògì àgbàdo pupa, òun ló sì ń hàn lábẹ́ enamel, tí eyín kì í fi í funfun bíi bébà. Aládùúgbò mi kan ń fi èédú ha tiẹ̀ láràárọ̀ nítorí ohun tí kò lè fọ̀ kúrò. Níbi tí enamel ti nípọn jù, kò ju nǹkan bíi mílímítà 2.5 lọ, bó bá sì ha tán kò ní hù mọ́, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣe é ti lọ kí eyín tó yọ sẹ́nu.

Èyí tó tún burú: wọn ò fi cementum, ìyẹn èèpo tó máa ń bo gbòǹgbò eyín, bò ó rárá, wọ́n sì kan eyín mọ́ eegun bí ìṣó mọ́ pákó. Fọ́nrán ló so cementum mọ́ eegun àgbọ̀n, bí ọsán ṣe gbá awọ dùndún mú, ni eyín fi máa ń jì díẹ̀ tí a bá ń gé ẹran líle. Mo ra ọ̀dà, mo kùn ún, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú ìránṣọ mọ́ gbòǹgbò ẹ̀ yíká.

Mágnẹ́ẹ̀tì náà ò lágbára. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó já lọ́wọ́ mi, igun kan ṣẹ́, ó wá dà bíi tèmi tí òkúta inú ẹ̀wà ṣẹ́.

Mo padà lọ bá Màmá pé cementum ò sí lára ẹ̀. Wọ́n wò mí. "Eyín lẹ wá rà, tíṣà. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́, ọkọ mi ń tà á níwájú." Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sì lọ wo kíndìnrín tó wà lórí pẹpẹ wọn tí owó oṣù bá wọlé.