Sípíríngì fáàfù tí mo rà torí sùpáchájà: ohun tójú mi rí

Òkè Èfọ̀n-Aláayè ló la ojú mi. Camry V6 1999 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1MZ, sùpáchájà TRD, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́, kò sí wàhálà kankan àfìgbà tí mo pààrọ̀ pọ́ọ̀lì ẹ̀, ìyẹn irin róbótó tí bẹ́líìtì ń yí, sí kékeré kó lè fẹ́ dáadáa, ó wá ń fẹ́ tó psi 8 (ìyẹn pọ́n-ùn 8 lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan), àmọ́ sípíríngì fáàfù tó bá mọ́tò wá látilẹ̀ ni mo ṣì ń lò, ìyẹn sípíríngì tó ń pa fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì tó sì ń gbà jáde, dé. Lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, mo fún un níná, abẹ́rẹ́ tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan ti kọjá 5,500, ló bá bẹ̀rẹ̀, pá, pá, pá, mọ́tò ń kọ́, kò lọ mọ́, ọkọ̀ míì sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níwájú. Ìyàwó mi ń pe Jésù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò tí mo padà sẹ́yìn tírélà.

Ohun tó fà á ni pé afẹ́fẹ́ tí sùpáchájà ń tì wọlé, ẹ̀yìn fáàfù ló ń tì. Tí ojú fáàfù bá fẹ̀ tó íńṣì onígun mẹ́rin kan àbọ̀, psi 8 ti ń fi nǹkan bíi pọ́n-ùn 12 bá sípíríngì ẹ̀ jà nìyẹn. Sípíríngì tó ti lò ju ogún ọdún lọ, tó ti rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí agbára tí á fi tètè pa fáàfù dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré?

Mo wá ra sípíríngì tuntun. Ẹni tó tà á fún mi láti Èkó bí mi nínú gan-an. Mo sọ fún un pé fáàfù 24, ó ní "kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n." Páálí dé Adó, mo kà á, 16! Mo tún un kà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, 16 náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gbé ìpè mi, WhatsApp ń fi hàn pé ó ti kà á. Ìgbà tó wá gbé e, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ṣebí fọ́ọ̀ sílíńdà lẹ pè é?" Mo fi fóìsì nóòtì tèmi gangan ránṣẹ́ padà sí i, ẹnu ẹ̀ wọhò. Ó fi 8 tó kù ránṣẹ́, èmi náà ni mo tún san owó wébíìlì.

Àmọ́ mẹkáníìkì tó dè é fún mi ní Baṣírí, Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Kò tú ẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, rárá. Ó yọ kámúṣáàfù, irin tó ń tẹ fáàfù ṣí, ó tú pọ́láàgì, ó ki okùn ọ̀rá gba ojú ẹ̀ wọ sílíńdà, ó rọra fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì títí písítìnnì fi gbé okùn yẹn há mọ́ abẹ́ fáàfù, kí fáàfù má bàa já bọ́ tó bá yọ sípíríngì. Mo ní kí ló dé tí kò lo afẹ́fẹ́ fọganáísà láti gbé fáàfù dúró, ó ní "ẹ̀gbọ́n, tí jẹnẹrétọ̀ bá kú lójijì, fáàfù yín á já sínú sílíńdà." Ó wọn agbára sípíríngì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó lóun ò ní dè é. Òun fúnra ẹ̀ ló pe ará Èkó yẹn, àfi bí idán, méjì míì dé lọ́jọ́ kejì lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọkùnrin náà tún bẹ̀ mí dáadáa lórí fóònù, inú mi rọ̀ díẹ̀.

Mo ti padà gun òkè Èfọ̀n. Ó dé 6,000, kò hú, ńṣe ló ń fà lọ geere. Ìyàwó mi ń sùn.

Máàkì: 5 nínú 5. Ṣùgbọ́n owó wébíìlì yẹn ṣì ń dùn mí o.